Ìforíbalẹ̀ Méjì

Mi-ryeong fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ férémù fọ́tò náà, ó gbé e sáàárín àwọn òdòdó funfun, ó sì yára yí ẹ̀yìn padà kí ojú òun àti ti ìyá rẹ̀ má baà ṣe mẹ́rin.

"Fọ́tò ti délẹ̀ o!" ló pariwo.

Nínú gbọ̀ngàn ìsìnkú tí wọ́n fi pátákó kọ́ sínú ilé-iṣẹ́ eré ní Paju, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti rí i. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìwé eré tuntun dé, bó ṣe máa ń dé, tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ìyá tó tọ́ agbowópànìyàn inú eré náà dàgbà ti kú. Ọmọbìnrin náà á wá kí òkú rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti ń lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ eré á sì ti jókòó dè é láàárín àwọn ọlọ́fọ̀. Ìyá ọ̀hún kò hàn nínú eré rí, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n máa ń dá. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣòkú láìgbé fọ́tò síwájú òdòdó? Mi-ryeong, tó ń tọ́jú ẹrù eré, gbọ́dọ̀ wá ojú kan fún òkú náà kó tó di ọ̀sán.

Ìyá àgbà tó kọ́kọ́ pè láti yá fọ́tò rẹ̀ wà ní ọsibítù. Èkejì ní lójú ayé òun, wọn ò ní so ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ojú òun. Ìgbà náà ni Mi-ryeong rántí èyí tó wà nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, tó fi aṣọ funfun wé.

Ọdún kan pé lónìí tí ìyá rẹ̀ kú. Dígí férémù náà sán nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kó lọ sí ilé tuntun ní Incheon, Mi-ryeong tó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló sì gbà á lọ pààrọ̀ dígí. Ní ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó gbé e dé, kí wọ́n lè tẹ́ oúnjẹ ìrántí síwájú rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló lọ ya fọ́tò náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, nínú aṣọ ìbílẹ̀ tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò. "Kí ẹ má baà máa wá fọ́tò kiri lọ́jọ́ tí mo bá kú," ló wí.

Wákàtí kan péré ni, Mi-ryeong sọ fún ara rẹ̀. Láti ọ̀ọ́kán ni wọ́n á ti yà á. Kò sì lè sọ òótọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló tò síwájú orí ẹlẹ́dẹ̀ síse, tí wọ́n wólẹ̀, tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí jàǹbá má ṣe ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ojú òkú gidi ló wà lórí pẹpẹ yẹn, ó lè jẹ́ pé ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

Olùdarí Gu tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tó ń wò.

"Ẹ dúró ná. Ẹ gbé kámẹ́rà sún mọ́ fọ́tò yẹn. Sí i. Ẹ wo ojú! Níbo lo ti rí èyí, Mi-ryeong?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, Olùdarí. Inú férémù àtijọ́ kan ló wà. Mi ò mọ ẹni tó ni ín."

"Ẹni tó pa ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè!" Bong-chul tó ń to iná ló sọ̀rọ̀ látorí àkàsọ̀. "Bí ìyá yìí bá wo ajá, ajá á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbó. Abájọ tí ọmọ ẹ̀ fi ń pààyàn. Ilé ló ti kọ́ ọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mi-ryeong náà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ga ju ti àwọn yòókù lọ.

Etíkun Incheon ni ìyá rẹ̀ ti ń la ikùn ẹja, láti ìgbà tí ó ti di opó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. Atẹ́gùn òkun ló fún ojú rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ayàfọ́tò ní kó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni wọ́n ṣe tó pa òun lẹ́rìn-ín. Ìtàn yìí wà lára ohun tí Mi-ryeong fẹ́ràn láti máa sọ. Mi-ryeong dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ma Jong-beom, àgbà òṣèré tó ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wọlé nínú kóòtù rẹ̀ tó ti gbó. Ó bọ́ bàtà, ó lọ dúró níwájú fọ́tò, ó kúnlẹ̀, ó forí balẹ̀. Ó dìde. Ó tún forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí a ṣe ń ṣe fún òkú, láìkánjú, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

"Bàbá, kámẹ́rà ò tíì ṣiṣẹ́ o!" ni Bong-chul wí.

"Mo mọ̀."

"Àti pé fọ́tò lásán ni."

"Ẹnì kan ló ni ojú yẹn," ni Ọ̀gbẹ́ni Ma wí. "Ṣé a máa yá ojú ẹni ká má sì kí i ni?" Ó yíjú sí Mi-ryeong, ó wò ó pẹ́ díẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Ẹnu rẹ̀ là. Àkókò nìyẹn. Ó rí Bong-chul lórí àkàsọ̀ tí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì rántí ẹ̀rín tòun náà.

"Rárá, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ó dáa. Àlejò ni mo kí nígbà náà." Àgbàlagbà náà gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ha-yeong, ọmọbìnrin tó ń ṣe agbowópànìyàn, wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ eré lọ́wọ́. Kò kúnlẹ̀. Ó di férémù náà mú, ó mi ojú inú rẹ̀ jìgìjìgì. "Ìwọ lo fà mí lé wọn lọ́wọ́ bí ọmọ ajá! Ṣé ìyá nìwọ?"

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Olùdarí wí.

Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, Mi-ryeong ni yóò sáré wọlé pẹ̀lú àkísà tútù, tí yóò nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ìyá rẹ̀, tí yóò tún òdòdó tò, tí yóò sì gbé férémù padà sí àyè rẹ̀ kí wọ́n lè tún bú u. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí," ni Ha-yeong rọra sọ fún un nígbà kan. "Mò ń kó ìdọ̀tí bá fọ́tò yín."

"Kì í ṣe tèmi," ni Mi-ryeong dáhùn.

Ìrọ̀lẹ́ ti lé kó tó dé Incheon. Ìlẹ̀kùn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ṣíṣí díẹ̀, wọ́n fi bàtà há a, kí ìyá lè ráyè wọlé wá jẹun. Òórùn ẹja tí wọ́n fi ẹyin bò dín ń jáde wá. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé.

"Mi-ryeong ò tíì dé? Ìyá á ti jẹun tán kí ó tó dé!"

Àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí eré Sátidé fò wọ́n. Wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti wo iṣẹ́ àǹtí wọn, wọ́n á sì rí ìyá àgbà wọn.

Ó tú aṣọ funfun náà. Pupa díẹ̀ ṣẹ́ kù ní igun férémù, nísàlẹ̀ àgbọ̀n ìyá. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ó pe Olùdarí Gu.

"Olùdarí, ojú tó wà nínú fọ́tò yẹn, ìyá mi ni."

"Báwo? O ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù."

"Irọ́ ni mo pa. Ìyá mi ni. Òní ló pé ọdún kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò."

Olùdarí mí kanlẹ̀. "Ibẹ̀ ló dáa jù nínú gbogbo ohun tá a yà lónìí. Tá a bá yọ ọ́, gbogbo wa la máa padà wá láàárọ̀ ọ̀la, títí kan Ọ̀gbẹ́ni Ma. Ìwọ lo máa dúró níwájú wọn sọ ìdí ẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

"Bong-chul náà á gbọ́ o."

"Kó gbọ́."

"Ojú ta wá la máa gbé síbẹ̀?"

"Tèmi. Ẹ ní kí wọ́n kun irun mi ní funfun."

Nígbà tó sọ fóònù sápò, ìlẹ̀kùn ti ṣí sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró síbẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ti wọ kóòtù dúdú, igo ọtí ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí kò gbọ́. Ó gba férémù náà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ibi tó pupa.

"Ẹ̀jẹ̀ eré ni," ni Mi-ryeong wí. Kò lè gbé orí sókè.

Ọkùnrin náà fa etí táì rẹ̀ jáde, ó fi nu igun náà mọ́.

"Ìyá ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé ó ṣe eré náà dáadáa?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé, ó fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ bó ṣe bá a.

Mi-ryeong bọ́ bàtà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ti wà ní ìkángun tábìlì, lẹ́yìn ìrẹsì àti ẹja, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ibi tí Mi-ryeong kúnlẹ̀ sí, ojú náà kò le rárá. Ojú ẹni tó ti ń retí pé kí wọ́n kí òun ni.