Pupa Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mú Wá

Aláró gbé ìkòkò ńlá ka iná, ó bu omi sí i dé ọrùn, ó sì ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mọ́ òun àti ìyá rẹ̀. Gáùn ìgbéyàwó rẹ̀ wà lórí tábìlì, funfun láti ọrùn dé ìrù, àfi ní àyà, níbi tí àbàwọ́n tíì kan ti rí roboto.

"Ọ̀la ni ìgbéyàwó o," ìyá rẹ̀ wí. "Bí aró yìí bá wá bà á jẹ́ pátápátá ńkọ́?"

"Kò ní bà á jẹ́, Màmá. Ẹ bá mi na ọwọ́ mú ọtí kíkan yẹn."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló kó àbàwọ́n bá gáùn náà. Gáùn funfun ni obìnrin yìí fi ń ṣòwò, ó ń yá àwọn ìyàwó lò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó àbúrò òun ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú, ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun bá wọn fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ìgbà tí gáùn yóò fi padà wálé, ó ti mu tíì yó.

"Orí hángà ló wà jẹ́ẹ́jẹ́, ìyàwó wa," ló wí, ọwọ́ láyà. "Mo kàn ń kọjá lọ ni, ife bá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Má dààmú, gáùn kún ṣọ́ọ̀bù mi. Màá gbé ọ̀kan wá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Aláró dúpẹ́, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rẹ aṣọ láti kékeré mọ bí omi ṣe ń rìn lára aṣọ. Tíì tó bá ta sí aṣọ tó wà lórí hángà yóò ṣàn wálẹ̀ ni, yóò fi ìlà gígùn sílẹ̀. Èyí rí roboto, etí rẹ̀ dọ́gba, kò sí ẹ̀kán kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, tí ẹnì kan sì fara balẹ̀ da tíì lé e.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Ó fẹ́ sọ mí di pátákó ìpolówó lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

"Kí la wá fẹ́ ṣe? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ò ṣeé bá jà."

"Ta ló ń jà? Aṣọ ni mo ń rẹ."

Ìrépé aṣọ pupa kan so mọ́ ìṣó lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí kan náà ló mú un wá, pé kí Aláró bá òun rẹ fìlà àti bàtà kí wọ́n bá aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó mu. "Pupa yìí, èmi nìkan ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ o!" ló wí. Aláró ti wá àpòpọ̀ rẹ̀ títí ó fi rí i: ẹ̀tù aró pupa, búlúù díẹ̀, dúdú bíńtín. Ẹni tó fẹ́ fi aláró ṣe ọ̀tá, ló tún gbé àwọ̀ aṣọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́!

Ó kọ́kọ́ ri gáùn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, torí aṣọ gbígbẹ máa ń mu aró ní àmujù níbì kan, kó má mu ún níbòmíì. Ó po ẹ̀tù, ó sẹ́ ẹ. Ó gé aṣọ bíńtín láti inú ìṣẹ́tí, ó rì í sínú aró, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ gbẹ, torí òpùrọ́ ni aṣọ tútù: bó bá gbẹ tán lèèyàn ń rí òótọ́ àwọ̀ rẹ̀. Ó pupa jù. Ó kán dúdú díẹ̀ sí i. Ó tún dán an wò, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrépé ara ògiri.

"Ìyàtọ̀ dà, Màmá?"

Ìyá rẹ̀ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò. "Mi ò rí i o. Ìwọ ọmọ yìí, inú ẹ mà burú o!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

Aláró ti gáùn wọ ìkòkò. Ó da ọtí kíkan sí i kí aró lè mú, ó ń rò ó láìdáwọ́ dúró. Ó ń rò ó títí omi fi mọ́ gaara, tí gbogbo pupa ti wọnú aṣọ lọ. Nígbà tó fà á yọ, àyà gáùn kò yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú aṣọ àti fìlà pupa, ó ń kí àlejò. "Ẹ dúró ná, ẹ máa rí gáùn tó ti ṣọ́ọ̀bù mi wá!" Gáùn funfun tó gbé wá ṣì wà nílé, wọn ò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀.

Ọkọ̀ dúró. Ìyàwó sọ̀kalẹ̀, pupa látòkè délẹ̀. Ọkọ ìyàwó ya ẹnu, ó wá bú sẹ́rìn-ín: "Háà! Iná ni mo fẹ́ yìí o!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wo gáùn, ó wo ara rẹ̀, ó tún wo gáùn.

Onífọ́tò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ẹmẹ̀wà ìyàwó tẹ́ ẹ wọ pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ìrù gáùn."

"Ẹmẹ̀wà ta ni? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni mí!"

"Ẹ má bínú, Mà. Aṣọ yín ló bá ti ìyàwó mu wẹ́kú, mo rò pé ẹ jọ pinnu ẹ̀ ni."

"Ó mà yẹ wọ́n o!" àlejò kan pariwo. "Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó wọ́lẹ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Kò sí ibi tí yóò sá gbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ìrù gáùn.

Aláró kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, Àǹtí," ó rọra wí. "Ilẹ̀ ò mọ́."

Fọ́tò náà ti wà lára ògiri ilé iṣẹ́ báyìí. Aláró nàró níwájú, pupa náà yọ lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn, fìlà pupa kan sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìyàwó tó ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù gáùn funfun a dúró wò ó, wọn a sì wọlé. "Irú pupa yìí gan-an ni mo fẹ́," ni wọ́n máa ń wí. Bí wọ́n bá sì béèrè ẹni tó di ìrù gáùn mú, Aláró a nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kó tó dá wọn lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Àwọn ló bá mi yan àwọ̀ náà."