Ẹ̀mí Inú Ìgò

Mummy mi máa ń gbàdúrà sí jẹnẹrétọ̀ kí ó tó tàn án. Ó ń gbàdúrà sí ìrẹsì kó tó hó àti lẹ́yìn tó bá hó tán. Gbogbo estate wa ní Ìṣẹrí Olówóra ló mọ̀ ọ́n mọ́ àdúrà, mi ò sì bá a jà rí, torí ó fẹ́ràn mi dénú.

Èmi ń wá ohun alààyè tó lè wà lẹ́yìn ayé wa yìí. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní ṣé mo ti rí àwọn ẹ̀dá abàmì tí orí wọn tóbi, tó ń fi àwo fò lójú ọ̀run. Kì í ṣe àwọn yẹn là ń wá. Bí nǹkan kan bá wà láàyè ní pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ni yóò jẹ́, abẹ́ ilẹ̀ ni yóò sì sá sí, níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Irú wọn ni mo rí ní Àgbóyì. Junaid apẹja ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé ibi tí ẹrẹ̀ odò ti dúdú kirikiri, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ọdún púpọ̀ ni mo fi tọ́ àwọn kòkòrò náà nínú ìgò ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ilé ìwádìí kan ní Jámánì gbà láti kó wọn sínú àpótí tí wọ́n fi irú afẹ́fẹ́ Máàsì kún, ká wò ó bóyá wọ́n á yè. Èmi náà á bá wọn lọ. Mo ti ń dá sọ èdè Jámánì nínú balùwẹ̀.

Iná yunifásítì kò ṣeé gbára lé, ni mo bá kó àwọn ìgò náà wálé, mo dé wọn pinpin, mo tò wọ́n sínú fíríìjì kékeré ní yàrá mi. Mummy rí wọn.

"Fadékẹ́, kí ló wà nínú ìgò yìí?"

"Ẹ̀mí ni, Mummy. Ẹ̀mí ni mò ń wá látọjọ́ yìí, Àgbóyì ni mo ti rí i."

"Ẹ̀mí bíi ti báwo?"

"Èyí tó ń gbé inú òkùnkùn, lábẹ́ omi. Kò like afẹ́fẹ́ rárá. Please, ẹ má ṣí i o. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó máa kú ni."

Mummy pa ilẹ̀kùn fíríìjì náà dé. Ó ní, "It is well."

Ohun alààyè ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé? Ṣùgbọ́n etí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, etí tí kì í pa ìṣọ́ òru jẹ ni: ẹ̀mí, òkùnkùn, abẹ́ omi, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Kí ló tún kù tí Mummy fẹ́ bi mí?

Mo lọ sí Kétu lọ ra páálí tí màá fi kó wọn ránṣẹ́ sí Jámánì. Nígbà tí mo dé, Mummy àti Pásítọ̀ Adéníran ti ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní yàrá mi, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ìgò ti ṣí, òróró ìyàsímímọ́ sì léfòó lórí ẹrẹ̀ mi. Mummy ti làágùn, gèlè rẹ̀ ti tú.

"Mummy, ta ló ṣí wọn?"

"Èmi ni. Ṣebí ìwọ náà lo sọ ohun tó ń pa á."

Mo figbe ta. Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kó pariwo, ó ń jáde ni."

Mo bu díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sínú oúnjẹ tuntun tí mo fi ń tọ́ wọn, mo ń ṣọ́ ọ. Kò sí èyí tó hù. Mo pe Junaid pé kó tún gbé mi lọ.

"Aunty, wọ́n ti fi yanrìn dí gbogbo ibẹ̀ o," ló wí. "Wọ́n ti ń ta plot."

Mo ṣàlàyé fún Mummy pé kòkòrò lásán ni, pé iṣẹ́ mi nìyẹn, pé Jámánì ti fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Ó dì mọ́ mi, ó ní gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdáǹdè ló máa ń sunkún báyẹn.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n pe orúkọ mi fún ẹ̀rí. Mummy ló ti fún wọn ní orúkọ náà. Ó fà mí dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, agbára àtibá a jà ò sì sí lára mi mọ́. Wọ́n fún mi ní máíkì.

Mo ní, "Gbogbo wọn ti kú. Ẹyọ kan ò kù. Mi ò lè rí irú wọn mọ́ láyé mi."

Ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n pariwo Halelúyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mummy dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú pẹpẹ, ó ń dúpẹ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́, mò ń sunkún, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi.