Ìbọn Tí Kò Jẹ́ Kí Àna Dọ̀bálẹ̀

Adélaní ọmọ Ìbíwùmí ga ju ilé tí wọ́n ń gbé ní Torino nílùú òyìnbó lọ. Bó bá dọ̀bálẹ̀ kí àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí rẹ̀ á wà nítòsí ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ń sọ "ciao" sí àgbà bí ẹni ń sọ̀kò sádìyẹ, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìbíwùmí ní tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ èdè onílẹ̀ kò ní kó má mọ ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi di kàyéfì nígbà tí ọmọkùnrin yìí ṣíwọ́ dídọ̀bálẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe, àwọn tó ń fi ìbọn pélébé síbàdí, tí wọ́n ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Wọn kì í gba àlejò síṣẹ́ náà. Ìgbà tó gba cittadinanza, tó di ọmọ onílẹ̀ níwèé, ló tó wọlé. Ìbọn náà, tirẹ̀ ni, ìjọba sì fún un níwèé àṣẹ pé ó lè fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, kó máa gbé e lọ, kó máa gbé e bọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi máa ń jiyàn nídìí kọfí. Àwọn kan ní kí ọta wà nísàlẹ̀ nínú àpò rẹ̀, kí ẹnu ìbọn ṣófo. Bí ogun bá dé, kí èèyàn fa ẹ̀yìn ìbọn, ọta á gòkè wá. Àwọn kan ní ogun kì í dúró de ẹni tó ń fa ẹ̀yìn ìbọn. Kí ọta kan ti gòkè sẹ́nu láti ilé, kó ku ìka nìkan. Colpo in canna ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ti àwọn àkọ́kọ́ ni Adélaní ń ṣe, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ kan Renzo.

Renzo ni àgbà ẹ̀ṣọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọmọ bíbí Torino. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ní ìdájí. Ọ̀kan di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan kò sì lè fa ẹ̀yìn ìbọn. Ìbọn wà lọ́wọ́ Renzo bí òkúta lásán, wọ́n sì fi irin gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, párì rẹ̀ fọ́, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Adélaní ti fi ọta sẹ́nu ìbọn, kò sì yọ ọ́ mọ́. Ibi iṣẹ́ ni o, ọjà ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, iwájú ikùn ló ń há a sí, lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e lọ sílé àwọn òbí ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Olúwadùnsìn ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́. Padova ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Pordenone. Ọládùnjoyè, bàbá rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ti ń jẹun, díkónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọkùnrin kúkurú tó ki, tí kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ Àìkú tí Adélaní máa wá fojú kan ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ti nu ilẹ̀ pálọ̀ títí ó fi ń dán. Bàbá jókòó sórí àga, ó ká ẹsẹ̀ kò kí àna rẹ̀ lè rí àyè nà sí.

Adélaní wọlé, ó tẹ̀ ba. Irin náà gún un níkùn. Ó wá rántí pé ìsàlẹ̀ ni ẹnu ìbọn kọjú sí, sí itan rẹ̀ àti sí ohun tí ọkùnrin fi ń di bàbá ọmọ. Bí àyà bá kanlẹ̀, tí ìbọn yí, tí aṣọ há mọ́ ibi tí ìka ń fà ńkọ́? Ó dúró lágbedeméjì. Ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, sà," ó ní, ó sì nà ró.

Bàbá wo ilẹ̀ tí wọ́n nù, ó wo ọmọkùnrin náà.

Ojúọlá, ìyá Dùnsìn, ló sọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni, ọmọ mi?"

"Rárá, mà."

Ilẹ̀kùn ni obìnrin náà ṣí fún un yẹn kó bá ibẹ̀ sá jáde. Kò mọ̀ ọ́n gbà.

Wọ́n jẹun. Bàbá bi í bí ọ̀nà ti rí, ó bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe wà. Nígbà tí àlejò fẹ́ máa lọ, ó pe ọmọ rẹ̀ sí yàrá, wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Dùnsìn jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó sin Adélaní dé ibùdókọ̀ rélùwéè.

"Kí ni Dádì wí?"

"Wọ́n ní ẹni tí kò lè wólẹ̀ fún àwọn nígbà tó ń tọrọ, ṣé ìgbà tó bá gbà á tán ni yóò wólẹ̀? Wọ́n ní bí ìjà bá dé láàárín èmi àti ìwọ lọ́la, ta ni àwọn máa pè tí yóò dá àwọn lóhùn?" Ó fọwọ́ nu imú. "Wọ́n ní kí n má mú ẹ wá mọ́."

Ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Adélaní yí ẹ̀gbẹ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ gbé báàgì. Dùnsìn kò gbà, ó fa jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin.

"Kí lèyí?"

"Ìbọn iṣẹ́ ni."

"Ọjọ́ ìsinmi ẹ lòní. Ọta wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà lẹ́nu."

Dùnsìn yọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. "Ta lo fẹ́ yìnbọn fún nílé bàbá mi? Mọ́mì tó ń dín dòdò?"

Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Renzo fún un. Ó ní àwọn ẹni ibi kì í fọn fèrè kí wọ́n tó dé.

"Òótọ́ ni," Dùnsìn ní. "Ṣùgbọ́n bó o bá ń retí wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n ti dé nìyẹn. Èmi ò ní bá ẹ sọ fún Dádì. Ìwọ lo lẹ́nu."

Rélùwéè dé, ó wọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ̀ ń di irun fún oníbàárà kan nílé lọ́jọ́ kejì nígbà tó jókòó tì í, tó sọ bó ṣe jẹ́. Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín títí ìyarun fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, tí oníbàárà lọ, ìyá kò tún rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyẹn ni pé torí ẹ̀ ni o kì í fi í dì mọ́ mi mọ́. Mo rò pé òórùn irun ni."

"Mọ́mì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Kíkí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Adélaní, sáré wọlé, ó na apá méjèèjì sókè kó gbé òun. "Zio, in braccio."

"Ó dìgbà tó bá yá," Adélaní ní, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ọmọ náà kò sunkún. Ó sọ apá sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, bí ẹni tí kò tún retí nǹkan mìíràn. Ìyẹn ló dun Adélaní ju ẹkún lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ro ohun tó ti fi sílẹ̀. Kì í gbé Kíkí mọ́. Kì í kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Bí pásítọ̀ bá ní kí oníkálùkù dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á jáde bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ìbọn tó gbé láti lé ọ̀tá, ará ilé ló ń lé.

Síbẹ̀ párì Renzo kì í ṣe àlá. Ó dìde, ó lọ wò ó.

Renzo jókòó sídìí fèrèsé, ó ń fi stró fa ọbẹ̀ mu. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́.

"Ká ní ọta wà lẹ́nu ìbọn yín lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?" Adélaní bi í.

"Bóyá ǹ bá máa jẹ ẹran báyìí." Ẹnu rẹ̀ kò tíì là dáadáa, ó ń fi eyín sọ̀rọ̀. "Bóyá ni. Èyí tó di ọwọ́ mi mú, irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì hù. Ǹ bá ti pa á. Tàbí kó já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́, kó pa mí. Níbi tí èèyàn méjì ti ń fa ìbọn mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọta ò mọ ẹni tó rà á."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Bó o bá fi í sẹ́nu, mi ò ní bú ẹ. Bó o bá yọ ọ́, mi ò ní bú ẹ. Párì mi ń jinná. Mo sì ń sùn."

Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ló bá Adélaní délé. Òun tí párì rẹ̀ pé kì í sùn. Bí aládùúgbò bá ti ilẹ̀kùn, òun á ti dìde jókòó. Ó tilẹ̀kùn yàrá, ó kọ ẹnu ìbọn sí ara ògiri, ó yọ àpò ọta, ó fa ẹ̀yìn ìbọn. Ọta tó wà lẹ́nu ta jáde, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní láti fi àyà wọ́lẹ̀ kó tó mú un. Ó pẹ́ kó tó dìde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin, ó kó ọta síbòmíràn. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, yóò gbé e pẹ̀lú ẹnu tó ṣófo. Ọjọ́ ìsinmi, kó máa sinmi níbẹ̀.

Kò tún fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnì kankan. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wọ rélùwéè.

Ó dà bí ẹni tó gbàgbé ṣòkòtò sílé. Ní Mestre, níbi tó ti pààrọ̀ ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan rọ́ wọlé, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ti ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ sáré lọ síkùn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi bẹ́líìtì. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bi í bóyá ọkọ̀ yìí dé Pordenone. Adélaní ní ó débẹ̀. Ọmọ náà jókòó tì í, ó na páálí ọ̀dùnkún díndín sí i. Títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ ni Adélaní ń dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀; ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé iyọ̀ ọ̀dùnkún náà pọ̀ jù.

Ojúọlá ló ṣílẹ̀kùn. Ẹnu yà á, ṣùgbọ́n ó yà fún un. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, Dùnsìn wà nílé ìdáná, ó wálé láti Padova. Adélaní kò dé àárín ilé. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ló ti nà gbalaja, àyà kanlẹ̀, iwájú orí kanlẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn níta.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá jẹ́ kó pẹ́. "Ẹ̀yìn náà ti wá jinná?"

"Kì í ṣe ẹ̀yìn, sà. Ìbọn ni."

"Ìbọn wo?"

"Ìbọn iṣẹ́ mi. Ó wà níkùn mi lọ́jọ́ yẹn, ọta wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá nà, ó lè dún."

Ojúọlá wá àga, ó jókòó. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó ń wo ẹ̀yìn orí ọmọkùnrin náà.

"Ṣé ìyàwó lo wá tọrọ lọ́jọ́ náà, àbí o wá digun jà wá?"

"Ìyàwó, sà."

Nǹkan kan bú nílé ìdáná bí ẹ̀rín tí wọ́n fọwọ́ bò.

"Mo sì rò pé ìgbéraga ni," Bàbá ní. "Ìgbéraga ì bá sàn. Ìgbéraga kì í bẹ́ mọ́ èèyàn lára. Kí ló dé tó o fi ń gbé irú ẹ̀?"

Adélaní sọ ti Renzo láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ń bá táìsì ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ ti àpótí irin, ó sọ pé lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí ẹnu ìbọn òun ń ṣófo níbi iṣẹ́.

"Bí wọ́n bá wá ká ìwọ náà mọ́ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rọ kan wà níbi iṣẹ́ wa tó gé ìka ẹni tó dúró tì mí. Láràárọ̀ ni mo ń kọjá níwájú ẹ̀. Ẹ̀rù ò tán. Mo kàn ti mọ bí a ṣe jọ ń gbé ni. Ká ní o parọ́ fún mi pé ẹ̀rù ò bà ẹ́ mọ́, ǹ bá ní kó o máa lọ."

"Bàbá Dùnsìn," Ojúọlá ní, "ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà nílẹ̀ o."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i. Ti ọjọ́sí ló ń kó pọ̀ mọ́ tòní."

Ó dìde lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún iṣẹ́, ó gbàdúrà fún ìrìn àjò, ó gbàdúrà fún párì Renzo. Bó ti ń gbàdúrà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ń wọ abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì Adélaní, ó fọwọ́ wá ìbàdí ọ̀tún, ó wá ti òsì, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ikùn wò. Kò bá nǹkan kan. Àmín tó ṣe lẹ́yìn náà, ará ilé òkè gbọ́ ọ.

"Dìde," ó ní.

Adélaní dìde, gíga rẹ̀ bo ẹnu ọ̀nà. Bàbá na apá sókè, ó dì mọ́ ọn níbàdí gbádígbádí, nítorí ibẹ̀ ni apá rẹ̀ mọ.