Ọjọ́ Tí Wọ́n Dì Mọ́ Teo

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kìlọ̀ fún yín o. Bí ẹ bá wá sí Harlan Bay ní ìparí oṣù keje, tí ẹ rí i tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ń dì mọ́ ẹnì kan nínú wọn, tí kò sì sẹ́ni tó jẹ ayò kankan, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ má sì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó jókòó tì yín lè ṣe yín léṣe.

Bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, là ń gbá níbí. Àwọn Alágbẹ̀dẹ lorúkọ ẹgbẹ́ wa. Ìlú wa kéré, owó wa kéré, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà sì tún jẹ́ ahun. Bí ọmọ kan bá ti mọ bọ́ọ̀lù í gbá tán lọ́wọ́ wa, ìlú ńlá kan á nawọ́ mú un. Wọ́n á fi àwọn ọmọ tí a ò gbọ́ orúkọ wọn rí dí i fún wa, wọ́n á ní ká ní sùúrù. Sùúrù náà ni mo ti ń ní láti ìgbà tí mo ti wà ní wúńdíá.

Ọjà tí wọ́n ti ń ta àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń tì ní ọjọ́ kan ní ìparí oṣù keje, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́gbẹ́ tó tún lè ta ènìyàn lọ́dún yẹn mọ́. Lọ́dún yìí, eré wa bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ta ènìyàn nígbà tí eré ń lọ, kóòṣì á yọ ọ́ kúrò lórí pápá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì dì mọ́ ọn nínú kòtò tí wọ́n máa ń jókòó sí. Báyìí la ṣe ń mọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí èmi àti Lyle ọkọ mi kì í fi jókòó sẹ́yìn kòtò tiwa lọ́jọ́ yẹn. Òdìkejì là ń lọ, sáàárín àwọn olólùfẹ́ àlejò, ká lè máa wo ojú àwọn ọmọ wa.

Teo Bracamonte là ń ṣọ́. Òun ló máa ń dúró láàárín ibùdó kejì àti ìkẹta tí wọ́n ń sáré gbà kọjá, bọ́ọ̀lù kì í sì kọjá lára rẹ̀. Kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lyle fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ irin tó ti ń ṣiṣẹ́ pa, Lyle kì í sọ̀rọ̀ nílé. Ó lè jí, kó jẹun, kó padà sùn, kí n má gbọ́ ohùn rẹ̀. Àfi tó bá kan Teo. Nígbà náà ló máa rẹ́rìn-ín, tó máa pè mí ní Vernie bíi ti àtijọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ní, "Tí wọ́n bá ta ọmọ yìí, èmi náà ti parí."

Parí kí ni? Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè bèèrè.

A jókòó. Bàbá Pawlak, aládùúgbò wa, wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó ki okùn rédíò bọ etí kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ti àwọn àlejò wà lẹ́yìn wa, bíà lọ́wọ́.

"Màmá, orí pápá ni bọ́ọ̀lù wà o," ó ní. "Kí lẹ ń wò lọ́hùn-ún?"

Lyle dá a lóhùn. "Ojú ẹ kọ́ la yá."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀. Teo lẹ ń ṣọ́. Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń tọ́ ọmọ, àwọn olówó ló ń gbé e níyàwó. Àbí ẹ ò tíì gbowó orí ni?"

"Máa mu bíà ẹ kó má baà gbóná," ni Bàbá Pawlak wí, kò tiẹ̀ yíjú.

Lyle rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ara tù mí. Ṣùgbọ́n mi ò gbójú kúrò lára kòtò yẹn. Bí Teo bá tẹ̀ ba láti so okùn bàtà, àyà mi á já. Bí kóòṣì bá húkọ́, á tún já.

Nígbà tí ìpín karùn-ún nínú mẹ́sàn-án eré náà parí, Teo wọ inú kòtò. Mo rí kóòṣì tó gbé fóònù ara ògiri. Ó gbọ́. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó rìn lọ bá Teo, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Lyle," mo ní.

"Mo rí i."

Teo fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ọ̀kan dì mọ́ ọn. Òmíràn dì mọ́ ọn. Gbogbo wọn wá tò lé ara wọn bí ẹni tó wá kí olókùú.

Pápá hó yèè. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n kọjú sí yàrá onígíláàsì tí ẹni tó ni ẹgbẹ́ máa ń wà. "Ahun! Ahun!" Teo gba ojú ọ̀nà abẹ́ ilé jáde, kò wẹ̀yìn.

"Mo ṣáà sọ fún yín," ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kú ìnáwó ìyàwó o!" Ó wá rí ojú Lyle. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Àwàdà ni."

Lyle kò dìde. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Ṣé kí n ra omi wá?"

Ó ń fi àtàǹpàkò nu etí fìlà náà.

"Àbí ká máa lọ sílé?"

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ó pa á dé bíi ti ilé. Mo rò ó nínú mi pé, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Àfi bí Bàbá Pawlak ṣe fò dìde. "Ẹ dúró! Ìyàwó ẹ̀ ń rọbí!"

"Ìyàwó ta ni?"

"Ti Teo! Wọn ò tà á! Ọmọ ló fẹ́ lọ gbé!"

Ọ̀rọ̀ náà sáré láti ìjókòó dé ìjókòó. Àwọn tó ń ṣépè bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ara wọn. Ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀yìn wa ra bíà fún Lyle. Lyle gbà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Vernie, o ò rí wa? Ẹni tó fẹ́ di bàbá, a fẹ́ máa sunkún lé e lórí!"

Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, á mọ bọ́ọ̀lù í hán. Bó bá jẹ́ obìnrin, ṣé òun náà ò lọ́wọ́ ni? Wọ́n nà wá nínú eré náà, kò dun ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni mo ń wo aago pápá. Aago mẹ́fà kò tíì lù.

Lẹ́yìn eré, Lyle ní òun fẹ́ ra fìlà ọmọ tuntun tí a máa fi ránṣẹ́ sí Teo. Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́, ó sì pẹ́. Èmi àti Bàbá Pawlak dúró síta. Ó kàn dédé di apá mi mú.

"Verna. Wọ́n ti tà á."

"Rárá, bàbá. Ẹ tún un gbọ́."

"Mo ti tún un gbọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n pè é sí. Ọjà ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tì nígbà tí wọ́n tà á."

Lyle jáde, ó gbé fìlà kan tí kò tó ife tíì sókè. "Ẹ wo orí akọni! Bàbá, kí ni rédíò ń wí?"

Bàbá Pawlak wò mí. "Bátìrì ti kú," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A wọ ọkọ̀. Lyle gbé fìlà náà síwájú gíláàsì, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tí wọ́n lè sọ ọmọ. Ó nawọ́ sí rédíò. Mo fi ọwọ́ mi bò ó.

"Má tàn án."

"Kí ló dé?"

"Orí ń fọ́ mi."

Àwọn ènìyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n dorí kodò, fóònù lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ju fìlà rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí. Lyle wò ó. Ó tún wo ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Vernie, kí ni Bàbá Pawlak sọ fún ẹ?"

Ọwọ́ mi wà lórí rédíò síbẹ̀.

"Má bi mí, Lyle. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."