Adìyẹ Radoy Lọ́jọ́ tí Nǹkan Kì í Jáde Nílé

Ìyá Stamena gbọ́ bàtà Radoy nínú yìnyín, àyà rẹ̀ sì já. Adìyẹ aládùúgbò rẹ̀ yìí ló gbé wọlé lọ́jọ́sí, torí orí wáyà àgò lásán ni Radoy pa á tì sí, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tó kún fún ọyún. Ìyá ń fi omi iyọ̀ gbígbóná díẹ̀ wẹ̀ ẹ́, ó ń fi aṣọ dì í, ó ń kọrin sí i:

"Rọra tẹ̀ ẹ́, arẹwà mi, ilẹ̀ ò ní já."

Yìnyín ti dí ojú fèrèsé, orúnkún ìyá ò sì gbé e mọ́. Ibo ni òun àti adìyẹ fẹ́ sá sí?

Radoy wọlé láìkanlẹ̀kùn. "Ìyá, ẹ gbé adìyẹ mi wá. Ìkòkò ti wà lórí iná."

"Àṣé ebi ló ń rán ọ létí pé o ládìyẹ!"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tèmi ni."

"Tìẹ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ignatu Mímọ́ nìyí. Kí ló ń jáde nílé lónìí?"

Radoy mọ̀ pé eérú pàápàá kì í jáde nílé lọ́jọ́ náà, kí oríire má bàa bá a lọ.

"Ìwọ lo sì kọ́kọ́ wọlé mi lónìí, ẹsẹ̀ rẹ ló máa mú ire tàbí ibi ọdún wá. Bí adìyẹ ibí bá kú láàárín ọdún, ẹsẹ̀ ta ni wọ́n máa ní ó burú?"

Radoy wo ilẹ̀kùn. "Ìyá, ẹ ti dè mí mọ́lẹ̀."

"Jókòó. Bí àlejò àkọ́kọ́ bá jókòó ni adìyẹ ilé máa sàba lé ẹyin."

Ó jókòó. Ìyá gbé adìyẹ lé itan rẹ̀. "Dì í mú. Rọra o!" Ìyá ń tú aṣọ tó fi di ẹsẹ̀ adìyẹ náà, orin sì tún gba ẹnu rẹ̀.