Àgbo Gbọ́lá Ń Hó

Òùngbẹ bíà ló kó bá Gbọ́lá. Hor Al Anz ní Dubai ló ti ń di ẹrù kágò fún àwọn oníṣòwò Èkó, ṣùgbọ́n Sharjah ló ń sùn, ìlú tí òfin ti lé ọtí jáde pátápátá. Ọtí wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì Dubai o, àmọ́ bí Gbọ́lá bá ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ife kan, òùngbẹ rẹ̀ a pòórá. Ló bá pinnu pé òun á pọn tòun.

Kúùkù òyìnbó kan ní àdúgbò Al Rigga ní Dubai ló fún un ní gbòǹgbò họ́ọ̀pù, ìtàkùn tí òdòdó rẹ̀ ń mú kí bíà korò. Gbọ́lá gbìn ín sínú garawa ọ̀dà lórí bálíkónì, lábẹ́ ibi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán. Ìtàkùn bẹ̀rẹ̀ sí í gun okùn aṣọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Alhaji Abdulsalam nìkan ni ìṣòro. Òun ló gba ilé tí àwọn méjèèjì ń gbé, òun ló ni kágò, òun ló sì ṣe visa fún Gbọ́lá nígbà tí ẹbí rẹ̀ ń wò ó níran. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni. Bó bá gbọ́ pé wọ́n ń pọn ọtí nínú ilé òun, Gbọ́lá ń padà sí Múṣin nìyẹn.

"Gbọ́lá, kí lèyí?" Alhaji nawọ́ sí ìtàkùn.

"Ewé àgbo ni, ẹ̀gbọ́n. Ti jẹ̀díjẹ̀dí."

Ọ̀dọ̀yọ̀! Ọmọ Yorùbá wo ló ń gbọ́ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí kò ní béèrè ìgbà tó máa jinná? Ká ní ó sọ pé òdòdó lásán ni, ta ni ì bá tún wo ibẹ̀? Láti ọjọ́ náà, bí Alhaji bá ti kírun Àsárì tán, á bu omi rin ìtàkùn fúnra rẹ̀, á sì jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀.

Nígbà tí òdòdó yọ, Gbọ́lá já a, ó sè é pọ̀ mọ́ mọ́ọ̀tì onígò àti ṣúgà, ó fi yíìsì búrẹ́dì sí i, ó sì ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó rọ díẹ̀ sínú ife. Ó hó! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò tíì gbé e dẹ́nu tí Alhaji fi ti mọ́sálásí wọlé.

"Máṣáà Állà! Àgbo ti jinná. Gbé e wá, àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ó... ó korò gan-an."

"Ṣé àgbo ń dùn ni? Yalla, ṣe kíá!"

Alhaji gba ife. Bí Gbọ́lá bá dákẹ́, visa wà, bíà náà wà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó gbà á sílé nìyí, tó sì ń sá fún ọtí nítorí Ọlọ́run rẹ̀. Gbọ́lá ṣépè fún kúùkù òyìnbó nínú ọkàn rẹ̀, ó fò dìde, ó gbá ife bọ́.

"Ọtí ni! Ẹ má mu ún, ẹ̀gbọ́n! Abeg, ẹ forí jì mí!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú bíà tó dà sílẹ̀. Alhaji jókòó, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀. Kí n tó mọ ọ̀nà Mẹ́kà, ilé-iṣẹ́ bíà kan n'Íbàdàn ni mo ti ń gbé àpò họ́ọ̀pù. Òórùn ẹ̀ ò kúrò nímú mi dòní. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá jẹ́ kí n mu ún ni."

"Ká ní mo dákẹ́ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Alhaji fa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú yọ lápò jalàbíà. Orúkọ Gbọ́lá ló wà lára rẹ̀, Dubai sí Èkó. Ó ya á, ó sì nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì.

Gbọ́lá da bíà náà sínú ilé ìgbẹ́ tòun ti omijé. Nígbà tó padà dé, ó na ọwọ́ sí ìtàkùn láti fà á tu.

"Àbí orí ẹ ò pé ni?" Alhaji jágbe. "Ibo ni mo fẹ́ máa jókòó sí tí oòrùn bá mú? Khalas, ó ti parí, lọ bomi rin ín."