Idẹ Kì í Jáde Nílé Wa Láìdán

Ẹsẹ̀ bàbá mi kú ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí irin ti já lù ú níbi iṣẹ́, ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, òkè pátápátá ilé wa ní Isla, ìlú kékeré kan létí òkun, ló ń gbé, lẹ́bàá bákónì onígi tó dojú kọ èbúté. Àtẹ̀gùn ilé wa há, ó sì lọ́, kò sẹ́ni tó lè gbé àga onítáyà gba ibẹ̀. Awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ ló fi ń rìn, alójú méjì, tí wọ́n fi idẹ ṣe. Á gbé e sójú láàárọ̀, kí n tó po tíì tán, á ti rìn dé ìlú Valletta lódìkejì omi, á ti mọ ọkọ̀ tó wọlé àti ẹni tó ń jà lórí rẹ̀.

Èmi Filumena, ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àtùpà ọkọ̀, agogo, kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ rẹ̀ já, gbogbo ohun tó bá ti ní idẹ lára ni mò ń tún ṣe. Okùn kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àga bàbá mi, tó gba inú àjà wọ ṣọ́ọ̀bù, agogo kékeré sì wà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ti dún, mo gbọ́dọ̀ gòkè. Ó lè jẹ́ òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ yàgbẹ́, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ kan ló fẹ́ kí n wá wò. Àwọn tí a jọ ṣe kékeré ti lọ sí Australia, wọ́n ti di ìyá ìyàwó. Èmi ń gbọ́ agogo. Mi ò ní parọ́, ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń wo okùn yẹn bí ẹni pé ọrùn mi ni wọ́n so ó mọ́.

Ìgbà tí àwọn onífíìmù fi ọkọ̀ àtijọ́ kan wọ èbúté wa ni Ornella yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ará Róòmù ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tí sìgá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń wá gbogbo ohun tí àwọn òṣèré ń mú dání. Ó tẹ́ fọ́tò sórí tábìlì mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wo èyí. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Awò idẹ alójú méjì ni, irú ti bàbá mi gan-an, àfi pé ìyà ti jẹ ti inú fọ́tò. Idẹ rẹ̀ ti ṣú, ó ti ń dà bí àwọ̀ tíì tó pẹ́ nínú ife. Awọ tí wọ́n fi bò ó ti ya lápá òsì, etí rẹ̀ kan sì tẹ̀ wọnú.

"Níbo ló wà?" mo bi í.

"Ìsàlẹ̀ òkun." Ó fa sìgá. "Nínú eré, ọ̀gá ọkọ̀ bínú, ó sọ ọ́ sómi. Ó sọ ọ́, ó dáa. Ọ̀gá wa tó ń darí eré wá ní oòrùn ti wọ inú àwọsánmà, kó tún un sọ. Mo ní kí ló máa sọ? Àwọn òmùwẹ̀ wá a títí, ẹrẹ̀ ti gbé e mì. A sì ti ya gbogbo ibi tó ti gbé e dání tẹ́lẹ̀. Tí òmíràn ò bá jọ ọ́ bí ìbejì, àwọn tó máa wò ó á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Tí mo bá rí òmíràn, tí mo sì sọ ọ́ dà bí èyí ńkọ́?"

Ó wo yíká ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mú àtùpà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Bàbá tó ń bá wa ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Róòmù ti fẹ̀yìn tì," ó ní. "Tí ẹ bá lè ṣe é kó tó di ọ̀sán Sátidé, kí n lè gbé e fún ọ̀gá kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ yín, ẹ máa bá wa wọ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Yàrá wà. Iṣẹ́ wà. Ẹ rò ó."

Kí ni mo fẹ́ rò? Kó tó dé ìkóríta ni mo ti wà ní ilé aládùúgbò wa, Màmá Dolor, opó tí ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí. Mo bi í pé tí mo bá lọ, ṣé á lè kó wá sí ilé wa kó máa tọ́jú bàbá mi. Ó ní, "Ṣé Wistin bàbá ẹ? Èmi àti ẹ̀ á kàn máa bára wa jà ni, ìyẹn náà á sì jẹ́ kí ọjọ́ tètè máa lọ." Mo ní kó má tíì sọ fún un. Ó ní ẹnu òun kò gbẹ̀yìn ní àdúgbò yìí, àmọ́ òun á gbìyànjú.

Ó wá ku awò. Ẹyọ kan péré ni mo mọ̀ ní gbogbo erékùṣù wa, ojú bàbá mi ló sì wà.

Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà gòkè lọ bá a. Mo ní, "Bàbá, àwọn onífíìmù fẹ́ yá awò yín. Wọ́n á fi ya àwòrán díẹ̀, wọ́n á sì dá a padà."

"Wọ́n á dá a padà," bàbá mi tún un sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ayé ló máa rí i."

Ó gbé awò náà sójú, ó wo ọkọ̀ àwọn onífíìmù tó wà lórí omi, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ okùn awọ rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Máa mú un lọ, Mena," ó ní. "Ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá idẹ ṣiṣẹ́ rí, ẹ lè rò pé títún nǹkan ṣe ni kéèyàn sọ ọ́ di tuntun. Iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn yàtọ̀. Mo kọ́kọ́ tú awò náà palẹ̀, mo nu eruku àti ìkùukùu tó ti di sínú dígí rẹ̀, nítorí pé dígí ti inú fọ́tò ń tan nínú oòrùn. Ibi tó dára nínú iṣẹ́ náà parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé òòlù. Bàbá mi kò jẹ́ kí awò yẹn fi ẹ̀gbẹ́ kan ògiri rí, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo wá gbé e lé orí igi, tí mo lù ú létí títí ó fi tẹ̀. Mo fi ọbẹ ya awọ rẹ̀. Mo fi ọtí kíkan àti iyọ̀ pa á lára, mo gbé e sínú àpótí pẹ̀lú omi amóníà tó ń ta ni nímú, mo ń ṣí i wò láràárọ̀. Idẹ kì í fẹ́ gbó, ẹ gbọ́dọ̀ fún un lọ́jọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣú, kò sì sí ọ̀nà àbùjá.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, agogo kò sinmi. Bàbá mi kò rí ọ̀nà jíjìn mọ́. "Mena, ọkọ̀ wo nìyẹn?" Màá gòkè, màá ní ọkọ̀ epo ni. Màá sọ̀ kalẹ̀. Agogo á tún dún. "Mena, ta ló ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré yẹn?" Mo máa ń dáhùn láàárín eyín. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ku díẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo mú awò náà jáde síta, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Wọ́n jọra débi pé ẹ̀rù bà mí. Mo gbé e sórí tábìlì, mo wọ bàtà mi tó dára, mo lọ sí etí omi láti pe Ornella wá. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fi àkísà àti ìpara nu idẹ ìkanlẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní gbogbo Sátidé. Ẹni tí idẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ní àìsàn ń ṣe é tàbí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Mo kí wọn, mo kọjá. Èmi àti Ornella dúró sọ̀rọ̀ létí omi, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣèré ní Róòmù, bí wọ́n ṣe ń da ọtí síra wọn lójú níbi iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Nígbà tí a jọ darí dé àdúgbò wa, mo rí agbọ̀n bàbá mi tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti bákónì. Agbọ̀n olókùn yẹn la fi ń ra búrẹ́dì láti òkè, gbogbo ilé ló ní in. Màmá Dolor dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Nǹkan kan wà nínú agbọ̀n tó ń kọ mànà.

"Ẹ wá wò ó!" Màmá Dolor ní. "Wistin ní kí n bá òun mú un ní ṣọ́ọ̀bù kí n fi sí agbọ̀n, pẹ̀lú ìpara idẹ mi. Ọkùnrin yẹn fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ àwo ìdàpọ̀ mímọ́. Ó ní idẹ kì í jáde nílé òun láìdán."

Awò náà ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Kò sí ẹyọ àwọ̀ ogbó kan lára rẹ̀ mọ́. Awọ tí mo ya, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ibi tí mo lù tó tẹ̀ nìkan ló kù, ó wà níbẹ̀ bí ojú tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ornella gbé e, kò bínú, ìbá sàn kó bínú. "Ṣé ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà kó tó di ọ̀sán?"

"Ọ̀sẹ̀ kan ló gbà mí."

"Àǹtí Mena." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ohun tí ọ̀gá wa máa bi mí ni awò. Kò ní bi mí ní ìtàn. Mo ti sọ fún un pé mo rí ẹnì kan tí kì í jáni kulẹ̀." Ó yí padà, ó ń lọ.

Mo gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú ìbínú tí mi ò tíì bí irú rẹ̀ rí. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí ẹnu, ọ̀rọ̀ gbogbo ọdún tí mo ti ń gòkè tí mo ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi jókòó lórí àga rẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣì ń rìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ìpara idẹ.

"O ò tíì lọ?" ó ní.

"Lọ síbo?"

"Mena, jókòó." Kò wo ojú mi. "Mo wà níbí lọ́jọ́ tí òṣèré aláṣejù yẹn ju awò àkọ́kọ́ sómi. Mo rí i kedere, mo bú u títí. Ìgbà tí o wá sọ fún mi pé wọ́n á dá tèmi padà, mo mọ̀ pé kò ní padà. Mo sì ti rí ìwọ náà lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn wá, bí o ṣe sáré lọ sílé Dolor, o ń sáré bí ọmọdé. Dolor kò sọ nǹkan kan, má bá a jà. Mo kàn mọ̀ pé ìwọ náà ò ní padà."

"Kí ló dé tí ẹ wá gbé e fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n dè ẹ́ mọ́lẹ̀?" Ó fi àkísà nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nígbà tí ìyá rẹ kú, a wẹ̀ ẹ́ ká tó gbé e jáde. Ohun tó ń lọ tí kò ní bọ̀, a kì í jẹ́ kó lọ ní ìdọ̀tí. Mo ní kí n wẹ òun náà. Ó dọ̀tí púpọ̀, Mena, n kò mọ ohun tí o fi ṣe é. Apá ń ro mí." Ó wá rí awò náà lọ́wọ́ mi. "Kí ló dé tí obìnrin yẹn kò mú un?"

Gbogbo ohun tí mo tò sẹ́nu ti lọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ta ni màá sọ fún pé ìwẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́?

"Wọ́n ti rí òmíràn," mo ní.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní mi ò lọ mọ́."

Bàbá mi, tí kò sunkún nígbà tí irin já lù ú, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. "Ọlọ́run fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún mi," ó ń wí. "Àwọn méjèèjì."

Ó gba awò náà, ó gbé e sójú. Ó ní dígí rẹ̀ mọ́, kò mọ́ báyìí rí láti ọjọ́ tó ti ní in, òun lè ka ìṣó tó wà lára ọkọ̀ àwọn onífíìmù. Ó ń sọ ohun tó rí fún mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú: wọ́n ń kó ẹrù wọlé, wọ́n ń fa okùn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń mu sìgá. Ó ní wọ́n ti ń lọ. Ó ní kí n wá wò ó. Mo gbé e sójú, mo wò ó. Mo ní ó dára.

"Mena," bàbá mi ní, "mo ti já okùn agogo yẹn láàárọ̀. Mo rò pé kò ní sí ẹni tó máa gbọ́ ọ mọ́. Bá mi so ó padà."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo so ó. Lẹ́yìn náà, mo fà á wò bóyá ó lè dún. Ó dún.